Ìtì Ọ̀gánwó Tí Kò Sí Nínú Àdéhùn: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Igi Gígé Kan ní Ìbàdàn

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní agboolé àtijọ́ kan ní Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2024. Ìjì tó ṣáájú òjò ya ẹ̀ka ńlá kan lára igi ọ̀gánwó, ọ̀kan lára àwọn igi gẹdú tí wọ́n ń là sí pákó, tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ka náà kò já tán kúrò lára igi, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti balẹ̀ sórí páànù ilé kékeré tí àwọn ayálégbé ń gbé. Wọ́n ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi gígé àti igi ìdáná títà. Iṣẹ́ tó yẹ kó mọ sórí ẹ̀ka di ti odidi igi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìtì tó wó sì di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàárín ẹni tó gé e àti àwọn tó ni ilẹ̀ tó ti hù. Mọ́gàjí, olórí agboolé náà, ló ní kí n máa kọ owó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀, nítorí náà, iye owó tí mo bá dárúkọ wá láti inú ìwé tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí. Orúkọ ènìyàn nìkan ni mo fi pamọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú òwò tí ọkùnrin yìí ń ṣe, nítorí pé láìmọ èyí, ohun tó sọ nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró nítorí ìtì náà yóò dà bí ọ̀rọ̀ olójúkòkòrò lásán. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà dé ọwọ́ rẹ̀: owó iṣẹ́ tí onílé ń san kí igi má baà wó lu ilé, àti owó tí àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn alásè òde ń san kí igi lè dé ìdí àdògán wọn. Èkíní a máa wá lójijì, a sì máa dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Èkejì kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ilé. Láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, tí gáàsì ìdáná náà kò sì rọrùn láti rà mọ́, àwọn tó ń béèrè igi pọ̀ sí i. Àmọ́ epo kan náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ ń mu, débi pé ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà ló ń fi òsì san.

Ìdí nìyí tó fi máa ń dá iye méjì fún oníbàárà. Bí onílé bá fẹ́ kó igi rẹ̀, iye kan ni; bí ó bá fi igi sílẹ̀ fún agégi, iye mìíràn tó kéré ni. Fún ẹ̀ka tó ya àti àwọn ẹ̀ka tó kù lókè ọ̀gánwó yìí, ó ní ₦120,000 bí wọ́n bá máa kó igi wọn, ₦70,000 bí òun bá máa kó o. Àbúrò mọ́gàjí, ẹni tó pè é, mú ₦70,000, ó sì san ₦40,000 sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sórí ìwé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ìtì, nítorí pé kò sí ẹni tó rò pé ìtì máa wó. ₦50,000 tó wà láàárín iye méjèèjì yìí, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ti rí gan-an, ni iye tí agbaṣẹ́ṣe ra igi orí ọ̀gánwó náà.

Ọkọ̀ tó gbé wá jẹ́ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, títí di òní sì ni a ń rí píkọ́ọ̀pù 504 lábẹ́ ẹrù iṣu, ẹrù pákó àti ẹrù igi ìdáná. Èyí tí mo ń sọ yìí dàgbà ju àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé e kún lọ. Ó ti fi ewé irin kún sípíríìnì ẹ̀yìn, ó ti jó irin mọ́ abẹ́ bọ́dì níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò fi bíréèkì ṣeré. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ igi ń wo bí ẹrù ṣe ga tó, wọn kì í ro bí ó ṣe wúwo tó. Igi tútù tó kún àpótí tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, lè wúwo ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ, nítorí pé omi inú rẹ̀ lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Àkúnwọ́sílẹ̀ píkọ́ọ̀pù kan lè ti kọjá agbára ọkọ̀ náà kí ojú tó kà á sí ẹrù. Ọkùnrin yìí kì í wo òkè ẹrù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀, á ki ìkúùkù rẹ̀ bọ àárín táyà ẹ̀yìn àti bọ́dì, nígbà tí ìkúùkù náà kò bá sì rí àyè mọ́, ó ti kún nìyẹn, bí ọmọ iṣẹ́ tilẹ̀ ní àyè ṣì wà lókè.

Ẹ̀rọ agégi méjì ló ní, ẹ́ńjìnnì ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é. Kékeré ni wọ́n ń gbé gun igi. Ńlá jẹ́ Stihl 070 ti Jámánì, ẹ̀rọ tó lágbára gan-an, tí àwọn agégẹdú fẹ́ràn nítorí pé mẹkáníìkì ojú títì lè tú u kí ó sì tò ó padà, ṣùgbọ́n tí kò ní bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró bí báà, irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí po, bá ta sókè sí ojú ẹni tó mú un. Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan án. Epo bẹntiróòlù tó ń bu sí ẹ̀rọ méjèèjì kò gbọdọ̀ lọ láìní òróró, nítorí pé òróró inú epo nìkan ló ń mú kí inú sílíńdà wọn máa yọ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á ra písítìnì. Fún ṣéènì, òróró kọ́ńdẹ̀m tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ ló ń lò. Èyí kò dára fún ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ló ń rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. Ó ní fáìlì róbótó tó fi ń pọ́n eyín ṣéènì nígbàkígbà tó bá ti rí i pé ẹ̀rọ ń tú ìyẹ̀fun jáde dípò èérún igi. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, okùn, àáké, àdá, òòlù ńlá àti irin ìlagi ló kù. Akoto kan ṣoṣo wà, ẹni tó bá gun igi ló ń dé e. Kò sí ẹni tó wọ ṣòkòtò ààbò tí ṣéènì kò lè gé wọlé, ọmọ iṣẹ́ kan tilẹ̀ wọ sálúbàtà, ohun tí n kò fẹ́ràn rárá nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ẹ̀ka. Wọ́n kó àwọn ayálégbé jáde, wọ́n sì dúró títí òṣìṣẹ́ iná fi wá tú wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ igi náà kọjá. Ẹ̀ka tí ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ igi, tí orí rẹ̀ sì ti balẹ̀ sórí nǹkan, ni àwọn agégi ń bẹ̀rù jù, nítorí pé agbára kan há sínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Níwọ̀n ìgbà tó ti fara ti nǹkan ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àárín rẹ̀ á máa fẹ́ wọlẹ̀, òkè rẹ̀ á fún, abẹ́ rẹ̀ á nà. Bí ènìyàn bá gé e láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igi á pa ẹnu dé mọ́ báà, kò sì ní ṣe é fà yọ. Díẹ̀ ni wọ́n ń gé láti òkè kí wọ́n tó lọ parí rẹ̀ láti abẹ́. Ti ẹ̀ka tó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ láìfara ti nǹkan kan yàtọ̀: abẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé, bí ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ti òkè pàdé rẹ̀, kí ó má baà ya, kí ó sì fa èèpo ìtì lọ. Gbogbo ẹ̀ka tó wà lókè páànù ni wọ́n fi okùn dè kí wọ́n tó gé e, wọ́n sì ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀ ní ègé-ègé. Páànù tí ìjì ti fọ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ló fọ́. Agbaṣẹ́ṣe kò fi kan kún un.

Ìròyìn náà ti dé ọjà kí wọ́n tó sinmi. Àwọn ìyá eléwé-ọmọ dé pẹ̀lú àdá kéékèèké, nítorí pé èèpo ọ̀gánwó wà lára ohun tí wọ́n fi ń se àgbo. Ó jẹ́ kí wọ́n bó èèpo àwọn ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní igi tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tètè ń gbẹ, àwọn ìyá yẹn sì ń bá òun ṣe iṣẹ́ tí òun ìbá san owó fún.

Orí igi níbẹ̀ ló ti rí ohun tó yí iṣẹ́ náà padà. Níbi tí ẹ̀ka ńlá ti ya kúrò, ojú ìsán kan lọ sísàlẹ̀ gba àárín ìtì kọjá, omi òjò ọdún púpọ̀ ti jókòó síbẹ̀, inú ibẹ̀ sì ti jẹrà. Apá kejì igi ṣì gbé ewé púpọ̀. Ìjì mìíràn lè là á sí méjì, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀ka ló sì máa wó lù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pe àbúrò mọ́gàjí lórí fóònù. Ẹni náà ti ń lọ sí Èkó fún òkú ṣíṣe kan. Àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí ó sọ fún un ni pé, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe é bó bá ṣe yẹ, kó má pa ènìyàn sí wa lọ́rùn.” Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé èló, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹni tí yóò kó ìtì. Láti inú fóònù yìí, tí kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ni gbogbo wàhálà tó kù ti jáde.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gé orí igi náà tán, ìtì nìkan ló kù ní òró. Kànga wà lọ́wọ́ òsì, ilé ayálégbé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ààyè ìdáko ilá kan ṣoṣo ló wà tí ìtì lè sùn sí. Wọ́n so okùn mọ́ òkè rẹ̀, wọ́n fà á le mọ́ kùkùté àtijọ́ kan lọ́hùn-ún. Agbaṣẹ́ṣe gé ẹnu fún igi ní ìhà tó fẹ́ kó ṣubú sí, ó sì lọ sẹ́yìn láti gé e wá bá ẹnu náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù láàárín, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú igi, tó ń darí ìtì bí àgbékọ́ ṣe ń darí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni ṣéènì ti kan ìṣó. Igi inú ìlú kì í ṣe igi igbó: wọ́n ti kan pátákó ìpolówó mọ́ ọn, wọ́n ti so okùn aṣọ mọ́ ọn, igi sì ti dàgbà bo irin náà mọ́lẹ̀. Eyín ṣéènì ya dànù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gé e lókè díẹ̀. Ìtì náà sùn sínú oko ilá gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú tépù jáde, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sàmì sí i, ó tún wọn 12 mìíràn, ó sì gé ìtì náà sí méjì pẹ̀lú àjẹkù kan tó ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n mọ́gàjí lóbìnrin, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Òkè Ilé, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti òwúrọ̀ láì sọ̀rọ̀, ló dìde nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ kan ń ṣe káfíńtà. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 12 ni pákó ń gùn, ó sì ti rí i pé ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì ni wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka àná sí.

Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ní ń fi tépù wọn igi ìdáná?”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Àdéhùn tí a ṣe ni pé èmi ni mo máa kó igi.”

“Ẹ̀ka lẹ dá iye lé. Bàbá mi ló gbin èyí tó sùn yìí. Kò ní jáde nílé yìí títí mọ́gàjí á fi dé.”

Wọ́n fi àpótí kan dí ẹnu ọ̀nà. Píkọ́ọ̀pù tó ti gbé ẹrù ẹ̀ka ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò rí ọ̀nà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò bá a jà lórí ẹ̀ka.

Mọ́gàjí fi ìpàdé sí àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Agbaṣẹ́ṣe sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹni tó gé ló ń kó, àyàfi tí onílé bá ti sọ pé òun fẹ́ igi òun. Ó ní ìtì ló léwu jù, òun kò sì tíì gba kọ́bọ̀ lé e lórí. Ó ní òun ti bá ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ìlapákó kan ní Bódìjà sọ̀rọ̀, ẹni náà sì ti dá iye. Màmá Òkè Ilé kò jẹ́ kí gbólóhùn yìí kọjá. Ó ní ẹni tó ti lọ bá oníbàárà ìtì sọ̀rọ̀ kí ó tó bá ẹni tó ni ìtì sọ̀rọ̀ ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àbúrò mọ́gàjí sọ̀rọ̀ láti Èkó, ó gbà pé òun ní kí ó ṣe é bó bá ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fi igi tọrẹ.

Ní èrò tèmi, Màmá ló jàre jù. ₦70,000 kò lè ra ohun tí kò sí níwájú ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n dá a, ìlànà pé ẹni tó gé ló ń kó sì bá ẹ̀ka máńgòrò mu ju ìtì gẹdú lọ. Àmọ́ kò ṣeé sọ pé kí ó gba ọwọ́ òfìfo lórí ìtì náà, nítorí pé bí kò bá rí ojú ìsán yẹn, tàbí bó bá rí i tó sì dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí igi yóò fi wó. Mọ́gàjí kò fi àkókò ṣòfò lórí ẹni tó jàre. Ó ní kí wọ́n tà á ná, kí wọ́n wá pín owó tó bá wọlé níwájú òun.

Oníbàárà Bódìjà wá wo ìtì méjèèjì, ó rí ojú ìṣó, ó sì fi ìyẹn dín iye tó ti dá tẹ́lẹ̀ kù, nítorí pé ìṣó kan lè ba abẹ ìlapákó jẹ́. ₦240,000 ni wọ́n jọ parí sí. Píkọ́ọ̀pù kò lè gbé irú ìtì bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n háyà, àwọn alágbàṣe tó yí ìtì gun ọkọ̀ náà lórí igi gbọọrọ àti okùn, pẹ̀lú owó ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, tí kò jẹ́ kí wọ́n dá gẹdú dúró lójú títì, jẹ ₦60,000. ₦180,000 ló kù. Lórí owó gígé ìtì, agbaṣẹ́ṣe béèrè ₦80,000, ìdílé ní ₦40,000, mọ́gàjí ní kí wọ́n kọ ₦60,000 sílẹ̀. Ó pín ₦120,000 tó ṣẹ́kù sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá méjì, ₦80,000, fún ìdílé, ìdá kan, ₦40,000, fún ẹni tó rí ewu tó sì rí oníbàárà. Bó bá jẹ́ tèmi ni, n kò ní fún un ní ìdá yẹn, ṣùgbọ́n Màmá fúnra rẹ̀ kò ta kò ó. Inú ₦80,000 yẹn ni wọ́n ti san ₦30,000 tó kù nínú owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ìyókù ra páànù fún ilé àwọn ayálégbé.

Báyìí ni ₦170,000 ṣe dé ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ó san ₦30,000 fún ọmọ iṣẹ́ méjì. Epo, tí lítà rẹ̀ ti kọjá ₦600 nígbà náà, àti òróró jẹ ₦42,000. Ṣéènì tuntun dípò èyí tí ìṣó bàjẹ́ jẹ ₦18,000. ₦80,000 ló ṣẹ́kù kó tó kan igi ìdáná. Ẹrù mẹ́ta tí píkọ́ọ̀pù kó lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kan, ₦25,000 ni wọ́n dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbúrẹ́dì náà ń lo ààrò amọ̀ tí wọ́n ń dáná sí nínú títí ògiri rẹ̀ yóò fi gbóná kí wọ́n tó gbá eérú jáde, igi tútù kì í sì jẹ́ kí ààrò bẹ́ẹ̀ tètè gbóná. Èéfín rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ó ní ọ̀gánwó kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayìn tàbí ẹmì, àwọn igi tó dára jù ú lọ fún ìdáná. Ó san ₦40,000 sílẹ̀, ó ní kí agbaṣẹ́ṣe wá gba ₦35,000 nígbà tí igi bá gbẹ. Wọ́n là á sí wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó sẹ́yìn ilé búrẹ́dì náà lábẹ́ páànù, pẹ̀lú àlàfo láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Òjò kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wọ́n tó san owó náà tán.